Lẹ́tà Gleb

Akéwì kan ti fọwọ́ sí ìwé ewì rẹ̀ bí ogójì ní yàrá ìkàwé ìlú Vologda ní Rọ́ṣíà kí ìyá arúgbó kan tó dé iwájú tábìlì rẹ̀. Yìnyín ṣì wà lórí ìborùn rẹ̀. Kò mú ìwé dání. Lẹ́tà kan tó ti gbó ló nà sí i.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni ìyá Gleb."

Akéwì mọ orúkọ náà. Inú kòtò kan náà ni òun àti Gleb jọ ń sùn lójú ogun Jámánì. Ọjọ́ tí ìbọn pa Gleb, òun ló yọ ìwé pélébé tí Gleb ń kọ ewì sí lápò rẹ̀, ó ní òun á fi ránṣẹ́ sílé. Kò fi ránṣẹ́. Inú ìwé náà ló ti da ewì tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kọ. Láti ìgbà náà, ewì àwọn ẹlòmíràn ló ń túmọ̀ jẹun. Tirẹ̀ kò wá.

"Ewì yín ló kọ síbí," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ní òun lòun ronú ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni mo kà á fún. Ìgbà tí mo rí i nínú ìwé yín, ojú gbà mí tì. Ọmọ mi ò jalè rí. Mo wá bẹ̀ yín nítorí ẹ̀ ni."

Akéwì la ẹnu láti sọ òtítọ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn ìyá náà ń tẹ́tí.

"Mo ti dárí jì í, Ìyá," ló gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ìyá náà bú sẹ́kún, ó fi ẹnu ko ọwọ́ tí akéwì fi di kálàmù mú.