Fódà Ọdún 2014

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ Talatu lórí iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ó tẹ àṣẹ tó fi máa ń ṣí fódà, kó fi ṣí ti ọdún 2014, ẹ̀rọ sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú: Permission denied. Wọn ò gbà á láyè. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ló padà wá.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin. Ọdún kẹjọ rèé tí Talatu ti wà níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọlé. Ó ń nu ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, ó ń kà á nínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ fiṣẹ́ sílẹ̀, Talatu nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni báyìí lè ka fáìlì, ẹni báyìí lè kọ nǹkan sí i, ẹni báyìí ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún un.

Ìyá Sàní ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kejì ni Sàní. Òkè Ọya ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá sí Ìlọrin. Nílé wọn, ìtìjú kì í jẹ́ kí ìyá dárúkọ àkọ́bí rẹ̀.

Òun ló ń kó àwọn ìwé aláìsàn àtijọ́ kúrò nínú páálí sínú kọ̀ǹpútà. Ó ń ti iwájú bọ̀ sẹ́yìn: 2016, 2015. Kì í gba ìsinmi. Bó ṣe ku 2014, Dókítà Wàhábì tó ni ilé ìwòsàn mú Zahrah wá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, ó ní òun ni kó ṣe ti ọdún yẹn.

"Zahrah, ṣé ìwọ lo ti fódà yìí?"

"Èmi ni, Mà. Àṣẹ chmod 700 ni mo fún un. Dókítà ni mo fi ṣe ẹni tó ni ín, àwọn nìkan ló lè kà á."

"Kí ló dé?"

"Àṣírí aláìsàn ni."

"Àwọn ti 2015 ńkọ́? Ẹran ni wọ́n?"

Kàdíját tó wà ní kántà bú sẹ́rìn-ín. Zahrah ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ìyá Sàní, ẹ má bínú o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nǹkan yìí. Kì í ṣe ohun téèyàn ń rí he lẹ́nu ìgbálẹ̀."

"Òótọ́ ni. Ìgbálẹ̀ kì í bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀."

Dókítà yọjú láti yàrá rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn wọn.

"Ìyá Sàní, ẹ padà sí kántà lọ́dọ̀ Kàdíját. Ẹ ti dàgbà ju wàhálà ẹ̀rọ lọ."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Dókítà?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ fún Zahrah ní ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kó tó di Làásárì." Ó pa ìlẹ̀kùn dé.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre," Kàdíját wí. "Àbí ogún bàbá yín ni kọ̀ǹpútà?"

Talatu lọ jókòó sí kántà.

Nígbà tí Zahrah lọ kírun Àìlà, Talatu padà sídìí ẹ̀rọ. Zahrah ti fódà pa, ṣùgbọ́n kò wo orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ kà sí ọ̀gá, àwọn tí kò sí ìlẹ̀kùn tí kò ní ṣí fún. Kò rò ó pé orúkọ agbálẹ̀ lè wà láàárín wọn. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Talatu ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti Zahrah sí i lọ́jọ́ tó dé.

Ó tẹ sudo, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, síwájú àṣẹ àárọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ó fún un. Fódà ṣí.

Orúkọ ọkọ ni wọ́n fi ń kọ fáìlì obìnrin tó bá wá bímọ lọ́dún náà. Talatu ò wo fáìlì méjì. Ó lọ tààrà sí Ìyàwó Habibullah. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 1, 2, 3, 5. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ó tún fi ìka tọ̀ wọ́n. Ojú ìwé kẹta ní ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin náà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe dókítà láago mẹ́wàá àárọ̀. Ojú ìwé karùn-ún ní wọ́n ti gbé òkú fún ọkọ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ó tẹ ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde.

Zahrah bá a níbẹ̀. "Ìyá Sàní! Ta ló ní kí ẹ jókòó síbẹ̀?"

Talatu kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sórí bébà, ó nà án sí i. "Gbà. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Kò kan ìlẹ̀kùn kó tó wọ yàrá Dókítà. Dókítà ń jẹun, kò gbójú sókè.

"Mo ti sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Sàní. Mi ò ní dá iṣẹ́ yẹn padà fún yín."

Talatu to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú rẹ̀, ó fi àyè ìwé kan sílẹ̀ láàárín ìkẹta àti ìkarùn-ún, ó wá sọ orúkọ tí ẹnu rẹ̀ ò pè rí láyé: "Nafisah ni ìyàwó Habibullah ń jẹ́, àkọ́bí mi ni, Dókítà, ojú ìwé kẹrin dà?"