Àmì Tó Yọ Nínú Oko Ìrẹsì Oyèlérè

Ní abà Ìdí-Emi, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì sí etí àbàtà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèlérè. Ó mọṣẹ́ oko, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkìkí ń pa á bí ebi ṣe ń pa ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí àwọn èèyàn máa tọ́ka sí i.

Lọ́dún kan, nígbà tí ìrẹsì ti gbó tí orí rẹ̀ tẹ̀, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ dé oko láàárọ̀, wọ́n rí i tí ìrẹsì dùbúlẹ̀ láàárín oko. Ojú ibẹ̀ rí roboto bí ẹní tí wọ́n hun. Gbogbo èyí tó yí i ká dúró ṣánṣán. Oyèlérè wólẹ̀. Ó ní áńgẹ́lì ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, pé nínú gbogbo oko àdúgbò, tòun ni Ọlọ́run yàn.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìdí ìrẹsì mélòó kan wò. Eyín ló gé wọn, ó gé wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí ẹni lo ọ̀bẹ. Imí ẹranko wà lábẹ́ wọn, ó ṣì tutù. Ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín ìrẹsì kọjá lọ sínú igbó.

Ó ní, "Bàbá Àbíọ́nà, ọ̀yà ni. Ẹ jẹ́ ká dẹ pakuté síbí kí wọ́n tó padà wá."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ọ̀yà wo ló máa ń wọn ilẹ̀ kó tó jẹun? Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ pakuté. Ìròyìn tàn. Èèyàn ń ti abà dé abà wá, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń tẹ ìrẹsì tó dúró mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí èyí tó dùbúlẹ̀. Àgbàlagbà o, tójú wọn là! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn: kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó fọwọ́ kan ìdí ìrẹsì kó wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni àró kan Oyèlérè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àró: àwọn àgbẹ̀ á kóra jọ, wọ́n á ṣe oko tẹni yìí lónìí, wọ́n á ṣe tẹni tọ̀hún lọ́la, ẹni tí ipò rẹ̀ bá kọjá, ó di ìgbà tó bá tún yí kárí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méje kó dòjé dé láti bá a kórè. Oyèlérè dá wọn padà. Ó ní àlejò ń bọ̀ láti ìlú ńlá lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti kórè, kí ni àwọn àlejò náà fẹ́ wò? Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó rán an létí pé inú oko yìí ni irúgbìn àmọ́dún wà, àti oúnjẹ àwọn ọmọ. Oyèlérè kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, àmì kan ti di mẹ́sàn-án. Èyí tí ọ̀yà kò gé, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ wọ inú ẹrẹ̀. Àwọn àlejò dé, wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀yà ibí yìí mà pọ̀ o. Wọ́n bá tiwọn lọ. Oyèlérè sáré tọ àwọn ẹgbẹ́ àró rẹ̀, wọ́n ní àwọn méjèèje ni yóò kórè kó tó tún kàn án.

Ọjọ́ mẹ́rin ni tọkọtìyàwó fi ń ṣa ìrẹsì nínú ẹrẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò kún igbá kan. Àwẹ̀ró kò bú u. Oyèlérè ló sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìyá Àbíọ́nà, ìwọ wò ó. Èmi kàn wólẹ̀ ni."

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, tí gbogbo abà ń gbin ìrẹsì, koríko ló wà lóko Oyèlérè. Ọ̀dọ̀ ìyá Àwẹ̀ró làwọn ọmọ ti ń jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní fi bò fún yín: ohun tí ẹ kò bá tíì yẹ̀ wò, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má sì torí ìyìn èèyàn pa ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu mọ́. Ọlọ́run tó dá ojú kò ní ká dijú jọ́sìn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: a kò gbọ́ tẹnu ẹgà, a ní ẹgà ń pàtótó.