Ìsinmi Àdánwò Baba Ẹ̀rọ

Ọkọ ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé ìwòsàn, ìyàwó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn. Baba Ẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ. Bẹ́ẹ̀dì tí kò gbéra mọ́, fáànù tó ń han, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń da omi sílẹ̀, òun ni wọ́n ń ké sí, bó bá sì ti fọwọ́ kàn án, ó parí. Nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ẹni tó lè fẹ̀yìn tì, àwọn méjèèjì múra, ó di ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ìjọba.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Bí Baba bá ń gba owó náà láti ìsinsìnyí, yóò kéré díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe wà. Bó bá fi ọdún mẹ́ta kún iṣẹ́, owó náà yóò gbèrú, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́. Ó ní ẹni tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe bíi ti ìyá kò ní owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, nítorí náà bí ọkọ bá kú, ìdajì èyí tí ọkọ ń gbà ni yóò máa…

Ìyàwó ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ń kú níbí,” ló wí. “Kékeré tí alààyè rí jẹ ló dùn. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn wá jókòó tì mí nílé, ká máa jẹun ọ̀sán pọ̀ bí ọmọ èèyàn.”

Baba Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìyá wọn bá ṣe wí náà ni. Wọ́n ti dé títì kó tó rántí pé òun gbàgbé fìlà, ó sì padà wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní òun àti akọ̀wé ti fẹnu kò pé kí òun kọ́kọ́ gba ìsinmi ọdọọdún tó kù, kí òun fi dán ìjókòó ilé wò, kí òun tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ìyàwó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní dùn bí oyin. Lọ́jọ́ kejì, Baba ní ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo jù, ó sì tú u palẹ̀. Nígbà tó tò ó padà, ẹ̀yìn ló ń rán aṣọ lọ. Ó tún un tú, abẹ́rẹ́ bá ń kán. Ó wá to àwọn òwú ní gíga-gíga dípò àwọ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń to irinṣẹ́ nílé ìwòsàn nìyẹn. Oníbàárà kan wá wọn ìbàdí, Baba gbé àga tì í, ó bi í bóyá ó dá a lójú pé aṣọ náà yóò gbà á. Oníbàárà náà kò padà wá.

Ìyàwó pe ọmọ wọn obìnrin lórí fóònù, ó ro ẹjọ́ títí. Ẹ̀rín ni ọmọ ń rín.

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá jókòó tì yín?”

“Mo ní kí wọ́n jókòó,” ni ìyá dáhùn. “Wọn ò jókòó.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ní òun ń lọ ra bọ́tìnì, ó sì gba ọ́fíìsì akọ̀wé lọ.

“Ẹ bá mi dá bàbá wọn padà síbi iṣẹ́,” ló wí. “Ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ wí yẹn, ṣé kò lè di mẹ́rin?”

Akọ̀wé wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín tó ń pa mọ́ra. Ó ní mẹ́ta náà ti tó. Kò mú bírò, kò sì ṣí ìwé kankan. Ó wá sọ èyí tí kò rí sọ tán níjọ́sí, pé ìdajì tí yóò kù sí ìyá lọ́wọ́ náà yóò pọ̀ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí ìyá gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ kó tó kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé, ó rọra sọ ọ́ fún Baba, kó má baà dùn ún. Ó ní ilé ìwòsàn kò lè dá wà láìsí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò jẹ́ láti fi wọ́n sílẹ̀. Baba mí kanlẹ̀, ó ní bó ṣe wí náà ni. Ó wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ náà, kí tíì rẹ̀ sì tó tutù, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ geere. Ìyàwó ní oríire lásán ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó padà síṣẹ́, ẹni tí wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, bi í léèrè irú ẹ̀rọ ìránṣọ wo ló lè ta kókó mọ́ Baba lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, Baba Ẹ̀rọ sì dáhùn pé kò sí ohunkóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀, owó tí yóò máa bọ́ ìyàwó òun bí òun bá ṣáájú rẹ̀ lọ ni òun ń tún ṣe.