Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹ̀jẹ̀ Daham

Ọjọ́ kẹfà nìyí tí Mutlak ti ń dá gun ràkúnmí gba inú iyanrìn aṣálẹ̀ Nafud kọjá, àpò omi rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Aṣọ òkú funfun kan wà lábẹ́ gàárì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, aṣọ òkú ara rẹ̀ ló máa ń gbé lọ́wọ́ wọ àgọ́ àwọn tí a ṣẹ̀, kí wọ́n lè ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n.

Kì í ṣe òun ló pààyàn. Ganim, bàbá rẹ̀, ló pa ọkùnrin kan ní ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ kan, nídìí kànga Rutam, nítorí ta ni yóò kọ́kọ́ fún ràkúnmí rẹ̀ lómi. Daham ni orúkọ ẹni tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn, Ganim sá lọ sí ìhà àríwá, ó ń da àgùntàn olówó kiri láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyá Mutlak ti kú, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ títí Mutlak yóò fi jẹ yó, àní nígbà tí ọmọ náà kò tíì ju eékún rẹ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò á bi í pé ta ni bàbá nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ganim á rẹ́rìn-ín, á sì máa dúró de àwo.

Ti ìran ló dun Mutlak jù. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lè ka orúkọ baba ńlá wọn dé ẹnì keje. Tirẹ̀ kò kọjá Ganim.

Ìgbà tí àìsàn dá Ganim dùbúlẹ̀ ló tó jẹ́wọ́. Inú bí Mutlak, ojú sì tì í pé ọmọ apààyàn ni òun. Ganim di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó dárí ji òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́.

"Bàbá, ṣé èmi ni mo ni ẹ̀jẹ̀ náà ni?" ni Mutlak dá a lóhùn. "Ẹni tó ni ín ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀."

Kò parọ́. Ní gbogbo aṣálẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin ẹni tí wọ́n pa nìkan ló ní ẹnu àtidárí ji apààyàn. Ganim kọjú sí ara àgọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí Mutlak lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Daham, pé ibẹ̀ ni orírun rẹ̀ wà. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Mutlak gbà pé ẹ̀yà kan náà ni òun àti Daham. Ó búra lórí ibojì pé òun kò ní jẹ́ kí bàbá òun sùn sínú ilẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́rùn.

Kò sẹ́ni tó gbà á tayọ̀tayọ̀ lójú ọ̀nà. Ní kànga àkọ́kọ́, bó ṣe sọ ibi tó ń lọ àti ìdí rẹ̀, àwọn darandaran fa okùn wọn sókè, wọ́n jókòó lé e. Ní ìkejì, wọ́n fún ràkúnmí rẹ̀ lómi, wọ́n ní ẹranko kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òun fi èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ọpọ́n ẹranko náà panu.

Ọ̀sán ọjọ́ keje ló dé àgọ́ Ajlan, àbúrò Daham. Àwọn obìnrin tutọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ajlan bu kọfí fún un, nítorí kò sí bí àlejò ṣe lè burú tó tí wọn kò ní bu kọfí fún. Mutlak gbé ife náà kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Onílé tó bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni yóò ní kó mu ún. Ajlan kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Jẹ́ kó tutù," ó ní. "Ìwọ nìkan lo wá? Ganim ńkọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?"

"Ó ti kú, bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ kó tó kú."

"Ó tún rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Èmi ni mo fẹ́ pa á."

Mutlak na aṣọ òkú náà sí i, ó ní òun dúró fún bàbá òun. Ajlan kò gbà á. Ó ní òun kò fẹ́ dárí jì í, àti pé bí òun bá tilẹ̀ fẹ́, ẹnu òun kò tó o. Daham bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà ló ni ẹ̀jẹ̀.

"Ibo ló wà?" ni Mutlak béèrè. "Ibi yòówù kó jẹ́, màá lọ bá a."

Ajlan ní ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà, ìyá rẹ̀ ti kú. Daham so ó mọ́ àyà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, ó ń gbé e lọ fún obìnrin tí yóò fún un lọ́mú ní àgọ́ mìíràn. Wọ́n rí òkú Daham nídìí kànga. Wọn kò rí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìkookò pọ̀ lọ́dún náà.

"Lọ mú un wá lẹ́nu ìkookò," ni Ajlan wí, "kó wá dárí jì yín."

Ganim kò dárúkọ ọmọ kankan fún Mutlak rí. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó kù láyé tí yóò dárí ji bàbá rẹ̀.

Ṣuma, ìyá Daham, ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó jáde, ó tẹ̀ lé ohùn ẹkún náà tó dà bí ti Daham létí rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù àlejò. Ajlan ní kó má fọwọ́ kan ọmọ apààyàn. Kò yọ ọwọ́. Ìyá àgbà ló máa ń fi irin gbígbóná jó ikùn ọmọ ọwọ́ ní àgọ́ wọn kí inú rírun má baà pa á, kálukú wọn ló sì ní bó ṣe ń to àpá tirẹ̀. Ìka Ṣuma dúró lórí àwọn àpá kan lábẹ́ ìhà òsì Mutlak. Ó kà, ó tún un kà.

"Ajlan," ó ní, "ọwọ́ tèmi ló fi irin jó àpá yìí sára ọmọ Daham. Bi í bóyá ó dárí ji Ganim kó tó kú."