Ìlà Kan Nínú Ìwé Méjì



Ní Banjul níbí, èmi àti Yankuba là ń fi ìwé ọsibítù wé ìwé ọlọ́pàá, ká lè mọ gbogbo ẹni tí ọkọ̀ gbá.

Ti ọsibítù ló wà lọ́wọ́ mi: Isha, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìkóríta Westfield, ọjọ́ Jímọ̀. Kò tíì lajú di òní.

Àràárọ̀ ni mò ń gbé búrẹ́dì tapalapa lọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló rán mi.

"Jádesọ́lá, mo rí i!" Yankuba pariwo. "Westfield, Jímọ̀. Awakọ̀ sá lọ, àmọ́ wọ́n gba nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀."

Ọlọ́run, ṣàánú mi.

Ó ka nọ́ńbà náà sókè.



Ó rọra yíjú sí fèrèsé, síbi tí mo páàkì ọkọ̀ mi sí.