Wáyà Kan, Ẹ̀rọ Méjì

Kọ̀ǹpútà bàbá ti lo ọdún mọ́kànlá lórí tábìlì kan náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń fi títún irú rẹ̀ ṣe jẹun nílùú mìíràn, ti lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀la ni yóò padà. Ó fẹ́ fi mọ́dẹ̀mù sínú kọ̀ǹpútà náà kó tó lọ, kí lẹ́tà lè máa gba ojú wáyà fóònù kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, bàbá nìkan ló kù nínú ilé.

Nǹkan mìíràn tún ń kọ ọmọ náà lóminú. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá jáde lọ ra nǹkan ni fóònù ń dún. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ náà gbé e. Ẹni tó pè gé e. Láti ìgbà náà ló ti ń fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ adáhùn, èyí tó ń fi ohùn tí onílé ti gbà sínú rẹ̀ dá ẹni tó bá pè lóhùn, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ ẹni náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó dé ló ti yí ohùn ẹ̀rọ náà wálẹ̀ pátápátá. Iná pupa rẹ̀ nìkan ló fi ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

"Olè ni, Bàbá. Ó ń wò ó bóyá èèyàn wà nílé."

"Olè tó ń pe èèyàn kó tó wá," bàbá wí, "ìyẹn gbẹ̀kọ́ nílé."

Agbélẹ́tà ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn ju ohun tí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà lè gbà lọ.

"Ẹ máa fi ṣeré. Èmi ò ní lè sùn lọ́hùn-ún tí mo bá ń rò ó."

"Mo gbọ́, Ẹ̀ńjíníà."

Ọmọ náà ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sórí díìsìkì mẹ́sàn-án. Ó pa á, ó yọ okùn iná rẹ̀, ó tú àwọn síkúrúù ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí.

"Ẹ wo eruku. Ó tó gbin ẹ̀gẹ́ sí." Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó máa fi gbá a.

Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, ó di etí irin rẹ̀ mú.

"Kí nìyẹn wà fún?" bàbá bi í.

"Iná díẹ̀ máa ń wà lára èèyàn. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀, kó má ba inú ẹ̀rọ jẹ́."

"Àfi bí ẹni ń wọ ilé àna." Bàbá dìde. "Búrọ́ọ̀ṣì yẹn le jù. Jẹ́ n ra èyí tó rọ̀ wá."

Ó ṣa owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì, ó fi ti bébà sílẹ̀, ó sì jáde.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, fóònù dún. Iná pupa tàn, ó ṣẹ́jú, ó kú. Ọmọ náà yí ohùn ẹ̀rọ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ láti gbọ́ ohun tí ẹni náà fi sílẹ̀. Èémí èèyàn ni, àti ọkọ̀ kan tó fun fèrè lọ́nà jíjìn. Ó tún yí ohùn náà wálẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tí bàbá rà dé kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

"Ó tún pè," ọmọ wí.

"Hẹn." Bàbá wo ẹ̀rọ adáhùn. "Ó sọ nǹkan?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Bóyá kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ."

Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà yọ irin pẹlẹbẹ tó dí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki mọ́dẹ̀mù bọ̀ ọ́ títí ó fi jókòó dáadáa, ó dé ìdérí padà, ó dá okùn iná padà, ó sì tan kọ̀ǹpútà. Ó ku wáyà.

"Ihò kan ló wà lára ògiri," ó wí. "Kọ̀ǹpútà ni mo máa fún. Ẹ jẹ́ kí olè yẹn máa pè. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tó máa dá a lóhùn mọ́, á rẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ adáhùn.

"Kò lè dúró di ọ̀la?"

"Ọ̀la ni mo ń lọ, Bàbá."

"Òótọ́ ni." Ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì. "Jẹ́ n ra téèpù tá a máa fi lẹ wáyà mọ́lẹ̀, kó má gbé èèyàn ṣubú."

Téèpù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ti jáde kí ọmọ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà fa wáyà kúrò lára ẹ̀rọ adáhùn, ó kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ló rí i pé bàbá gbàgbé awò ojú rẹ̀. Ó mú un, ó tẹ̀ lé e. Bí ó ṣe ń ti ìlẹ̀kùn, mọ́dẹ̀mù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bàbá kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù kankan. Inú àgọ́ fóònù tó wà ní oríta ló dúró sí, ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Ó fetí sílẹ̀ pẹ́, ó gbé e kalẹ̀, owó ẹyọ rẹ̀ jábọ́ padà. Ó mú un, ó tún fi í síbẹ̀, ó tún tẹ nọ́ńbà kan náà láìwò ó.

Ọmọ náà kò pè é. Ó sáré padà sílé, ó yọ wáyà kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó dá a padà sára ẹ̀rọ adáhùn, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, ó sì jókòó, ó ń retí kí ohùn ìyá rẹ̀ jáde níbẹ̀ láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò sẹ́ni nílé.