Fúùsì Oníbébà Ṣingọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á débi tó parí sí, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ẹ sì mọ ẹni náà dáadáa.

1.

Orrin Tveit ń sin màlúù ní àríwá ìpínlẹ̀ Mọ̀ntánà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú ní bàbá. Lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu pe màlúù. Họ́ọ̀nù ọkọ̀ la fi ń pè wọ́n. Ẹ tẹ họ́ọ̀nù, ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí, wọ́n á mọ̀ ọ́n bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ibi yòówù kí wọ́n wà, bí họ́ọ̀nù bá ti dún, wọ́n ti dé nìyẹn.

Bàbá Orrin ló ra ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, ìyẹn nígbà tó bá wù wọ́n. Okùn tí a fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti já. Púláyà ni Orrin fi ń fa kùkùté rẹ̀. Kọ́kọ́ àárín táyà iwájú, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí kí táyà náà tó lè fà, ti dípẹtà tipẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ nílé kọfí, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń jókòó tàkúrọ̀sọ:

"Ọkọ̀ tèmi ò ní àrùn kankan. Ẹ̀yin lẹ ń fi mẹkáníìkì ṣe ọ̀rẹ́."

Irú ọkùnrin yìí, bó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, yóò ní ọ̀fun òun ló ń ṣeré.

2.

Nígbà tí màlúù ń bímọ lọ́wọ́, fúùsì họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Orrin fi tuntun sí i, ó jó. Ó fi òmíràn sí i, ó tún jó. Duane Lofgren aládùúgbò rẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ayé, yọjú sí i.

"Orrin, fúùsì kì í ya wèrè. Wáyà kan ti bó, ó ń fara kan irin. Tú ìdí sítíárìn yẹn wò."

"Ìwọ lo máa bá mi gbẹ̀bí màlúù tí mo bá ń tú sítíárìn?"

"Èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n fúùsì tó ń jó, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni."

"Kó lọ bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀!"

Duane rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun náà rèé, gbogbo ìmọ̀ yẹn, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ò tàn rí.

Kí ni Orrin wá ṣe? Ó ju ṣingọ́ọ̀mù sẹ́nu, ó fi bébà dídán onírin tí wọ́n fi wé e, èyí tó ń gbé iná kọjá tí kì í jó bí fúùsì, yí fúùsì tó ti jó náà ká, ó tì í padà sáyè rẹ̀. Họ́ọ̀nù dún. Fúùsì ò jó mọ́.

"Ó ti dáa?" Marlys ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó pa ajá tó ń gbó, ṣé olè ló pa?

3.

Ìjì yìnyín, irú èyí tó ń bo ilẹ̀ bí òwú funfun, dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn màlúù gbọ́n ju olówó wọn lọ: wọ́n ti kó ọmọ wọn sínú àfonífojì kan tí igi bò, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Orrin àti Marlys di koríko sẹ́yìn ọkọ̀.

"Àwa la máa sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn," Marlys kìlọ̀ fún un. "Má tẹ họ́ọ̀nù o. Bí àwọn ọmọ yẹn bá jáde sínú atẹ́gùn yìí, wọ́n kú nìyẹn."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Lórí òkè etí àfonífojì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà, yìnyín gbé ọkọ̀ mì dé ikùn. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán. Orrin sọ̀kalẹ̀ lọ yí kọ́kọ́ táyà iwájú, kò yí. Ó fi bàtà gbá a, kò mì. Ó padà wọlé, ó ń já sítíárìn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń bá a jà. Ni òórùn wáyà tó ń jóná bá kún inú ọkọ̀. Họ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀.

"Orrin, gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

"Ọwọ́ mi rèé! Wò ó!" Ó na méjèèjì sókè.

Ó yí kọ́kọ́rọ́; ẹ́ńjìnì kú, họ́ọ̀nù ò kú. Ó nawọ́ sí fúùsì. Ike ti yọ́ mọ́ ọn, ó jó o níka.

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o já bátìrì!"

Orrin wá púláyà lábẹ́ àga, ó wá a lápò. "Ó wà nílé."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi èékánná fa kùkùté okùn náà níwájú ọkọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ro sórí yìnyín, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ṣí.

4.

Ìyá màlúù kan yọ orí láti inú àfonífojì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ náà, tí ara wọn ò tíì gbẹ.

Marlys sáré lọ pàdé wọn, ó ń fi ìbòrùn rẹ̀ lé wọn. "Ẹ padà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!" Wọ́n yà fún un, wọ́n kọjá. Kí ni ariwo obìnrin kan níwájú ohun tó ti ń bọ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti dáyé?

Wọ́n wá dúró ti ọgbà, wọ́n ń retí oúnjẹ. Orrin ń da koríko sílẹ̀, atẹ́gùn ń kó o lọ. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Marlys fi méjì sínú ọkọ̀, ó di ọ̀kan mọ́ àyà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó wá ń wo àwọn tó kù.

"Orrin, èwo ni kí n gbé?"

Orrin yíjú sí koríko, ó ń dà á sílẹ̀ lọ. Ẹlẹ́nu ilé kọfí!

Họ́ọ̀nù ń dún títí ó fi rẹ bátìrì, tí ohùn rẹ̀ há, tó fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àfonífojì ni ìjì ti ń fẹ́ bọ̀, màlúù kì í sì í kọjú sí irú ìjì yẹn rìn. Wọn ò padà sí àfonífojì mọ́.

Nígbà tí Duane gbé katakata dé, ó wo ilẹ̀, ó wo Orrin. Ó mú ṣọ́bìrì. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ìyá dúró síbẹ̀, wàrà ń kán lọ́mú wọn, wọ́n ń ké pe àwọn tó wà lábẹ́ yìnyín.

Ìwọ tí o ń kà á, gbọ́ o. Bí fúùsì bá jó lẹ́ẹ̀mejì, má wá ẹ̀kẹta. Wá ohun tó ń jó o. Kọ́kọ́ tó dì, okùn tó já, tún un ṣe ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, torí ọjọ́ tí o máa nílò rẹ̀ kò ní rán ẹnìkan wá sọ fún ọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.